Koríko Ọba Lókè Òkun

Láti ìgbà tí mo ti dé ni olóòtú wa ti ń dà mí láàmú pé kí n kọ ohun tí ojú mi rí ní Brazil. Mo ti sọ ti ijó àti ti ìlù fún gbogbo ẹni tó wá kí mi káàbọ̀, n kò ní tún un sọ níbí. Koríko ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni, koríko: ewé tíì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní koríko ọba.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé ẹbí ọdún tó kọjá mọ ohun tó fà á. Àbúrò bàbá wa kan dìde, wọ́n ní kí a hú ìdí ewé tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ Ọ̀sanyìn dànù. Wọ́n ní ewé àlejò ni, àwọn ò gbọ́ ọfọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kọ́ wọn níṣẹ́. Ewé tí kò ní ọfọ̀, kí la fẹ́ fi pè é tí yóò fi jẹ́ wa? Ìyá àgbà wa ló gbin ewé náà kí wọ́n tó pa ipò dà, ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe gbóná tó. A ò tíì parí ìyẹn tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé fi fa ìgò kékeré kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Òróró ewé tíì ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tó tà á fún un ní gbogbo agbára ewé náà ló wà níbẹ̀, pé kò nílò kó máa se àgbo mọ́, kó ṣáà máa kán an ní ẹ̀kán márùn-ún sínú ẹ̀kọ ọmọ nígbà tí ara ọmọ bá gbóná. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún méjì.

Ẹ wá wò ó: apá kan fẹ́ hú ewé, apá kejì fẹ́ da ìkòkò nù. Ìpàdé tú ká, a ò rí ojútùú. Ìbéèrè méjèèjì yẹn ni mo gbé wọ bàálù.

Addis Ababa la gbà, a tún gba São Paulo, kí a tó balẹ̀ sí Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó má gbàgbé káàdì yẹ́lò rẹ̀. Ìlú olókè àti ìsàlẹ̀ ni Salvador. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda, ó ti ń gbé èrò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láti ọdún 1873, kò sì gba ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ tó rìn jìnnà lẹ ó ti gbóòórùn epo pupa, torí pé àkàrà ni àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń dín káàkiri ojú títì. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Èmi jẹ mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọjà São Joaquim ni kí ẹ bi mí. Ìsàlẹ̀ ìlú ló wà, létí òkun, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí erékùṣù Itaparica. Ọjà àtijọ́ kan wà tẹ́lẹ̀ nítòsí ibẹ̀, Água de Meninos, iná jó o ní 1964, ni àwọn ọlọ́jà bá kó wá síbí. Ọ̀nà inú ọjà náà tóóró, ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ewúrẹ́ ń ké lápá kan, ìkòkò amọ̀ wà lápá kejì. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ àwọn eléwé, ó ṣe mí bí ẹni pé Ọjà Bódè ní Ìbàdàn ni mo wà. Pèrègún wà níbẹ̀, peregun náà ni wọ́n sì ń pè é, wọn ò tilẹ̀ yí i padà. Akòko wà, acocô ni tiwọn. Efínrín wà. Obì àti orógbó wà. Ataare wà, pimenta-da-costa ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ata tó wá láti Etíkun. Etíkun wo? Etíkun tiwa! Lẹ́nu àwọn baba wọn, ohunkóhun tí wọ́n bá fi da costa kún orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ tiwa lọ́hùn-ún ni wọ́n ka ìpilẹ̀ rẹ̀ sí. Aṣọ òfì wà tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ewé kan wà tó jọ òdúndún tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kọjá, wọn ò gbàgbé ohun tó ti ibí lọ.

Àárín àwọn ewé yìí ni mo ti rí i: ewé tíì, wọ́n dì í ní ìdì ìdì, wọ́n fi okùn so ó nídìí. Mo já etí ewé kan, mo fi ìka ra á, òórùn rẹ̀ ni. Ìyá tó ń tà á yóò ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n wé gèlè funfun. Ọmọkùnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá mi túmọ̀. Mo bi wọ́n pé kí lorúkọ rẹ̀ níbí. Wọ́n ní capim-santo. Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀: koríko mímọ́.

Mo dákẹ́ díẹ̀. A pè é ní koríko ọba, wọ́n pè é ní koríko mímọ́, a ò sì jọ pàdé fi orúkọ yẹn ṣe ìmọ̀ràn. Koríko tó pọ̀ tó báyìí láyé, tí ẹnikẹ́ni ò fún ní orúkọ gidi! Mo tún bi wọ́n pé ṣé láti Etíkun ló ti wá, ṣé da costa ni. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní rárá o, kì í ṣe ti Etíkun, kì í sì í ṣe ti ibí. “Wọ́n gbé e wá ni. Àwa náà, wọ́n gbé wa wá ni.” Wọ́n wá nawọ́ gba owó wọn.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilẹ̀ Ásíà ni koríko yìí ti wá, láti gúúsù India àti Sri Lanka títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Malaysia. Cymbopogon citratus lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko, Otto Stapf tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ló tò ó sábẹ́ orúkọ náà ní 1906. Nítorí náà, lórí ọ̀rọ̀ pé àlejò ni, àbúrò bàbá wa gba máàkì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nípa àlejò yìí tí a kì í sọ. Ó ṣọ̀wọ́n kó yọ òdòdó níbi tí wọ́n bá ti gbìn ín, a kì í sì í rí kóró rẹ̀ gbìn. Ẹ ro ó wò: ìgbà wo lẹ rí ewé tíì tó dédé hù fúnra rẹ̀ láàárín igbó? Ẹyẹ kì í gbé e, atẹ́gùn kì í gbé e. Ènìyàn ló máa ń ya á nídìí, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èyí tí Ìyá àgbà gbìn, ẹnìkan ló fún wọn. Ẹnìkan ló fún ẹni yẹn. Bẹ́ẹ̀ la ó máa bá a lọ títí tí a ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní etíkun kan, tí a ò mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí ibi tí okùn ọwọ́ yẹn ti já, torí pé ibi tó bá ti já, ewé náà ò ní dé ọ̀dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ kí ilé Casa Branca, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọká. Òun ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba Brazil fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ní 1984. Orí òkè ni, àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀, orúnkún mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ilé kékeré kan lẹ́yìn ìlú, tí àwọn onílé ò fẹ́ kí n dárúkọ àwọn, ni mo ti gbọ́ ohun tí mo wá gbọ́.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ewé ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n mú mi yí ilé ká. Apá ẹ̀yìn jẹ́ igbó kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í dédé wọ̀. Kí wọ́n tó já ewé níbẹ̀ wọn a tọrọ àyè, wọn a fi owó sílẹ̀, ìdájí ni wọ́n sì ń já a. Wọ́n ní “kosi ewé, kosi orixá”, mo sì gbọ́ ọ kí ọmọ náà tó la ẹnu láti túmọ̀. Mo ní, “Kò sí ewé, kò sí òrìṣà.” Ìyá di ọwọ́ mi mú. Ẹ má bi mí bóyá mo sunkún.

Níbi ìrókò ni wọ́n ti dá mi dúró. Ẹ̀yin ará ilé, ìrókò wa kọ́. Igi ìrókò tiwa kì í ṣe igi ilẹ̀ Brazil. Nígbà tí àwọn baba wọn dé, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Igi kan tó jọ ọ̀pọ̀tọ́, gameleira ni wọ́n ń pè é, ló ní ìdúró bíi ti ìrókò, tó ga, tó gbòòrò, tí gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú. Òun ni wọ́n wé aṣọ funfun mọ́. Òun ni Iroko títí di òní. Mo bi ìyá náà pé ta ló fún wọn láṣẹ. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ń wo ọmọdé. Wọ́n ní àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú kò mú ewé kankan dání, orí wọn nìkan ni wọ́n mú wá. Wọ́n ní láti bi ewé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí léèrè pé, kí lo lè ṣe? Èyí tó ṣe é, wọ́n gbà á.

Níbo wá ni capim-santo wà nínú ilé yìí? Kì í ṣe inú igbó. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni, ó dì pọ̀ bí irun orí tí a ò yà. Ìyá ní ewé méjì ló wà láyé: ewé igbó àti ewé ilé. Ewé igbó ni wọ́n ń gbo nínú omi tútù fún orí àti fún òrìṣà. Ewé ilé ni wọ́n ń sè fún ara. Wọ́n ní àwọn ilé kan a máa ka capim-santo mọ́ ewé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, wọn a sì fi í sí omi ìwẹ̀, àwọn ò bá wọn jà. Níbí, ti ìyá ilé ìdáná ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ẹni tí inú ń kùn fún, ọmọ tuntun inú ilé òrìṣà tí kò rí oorun sùn, òun ni wọ́n ń sè fún un.

Mo béèrè ọ̀rọ̀ ọfọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní ọfọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, orin ewé tí gbogbo ewé ń gbà ni wọ́n ń kọ sí i. Èyí dùn mọ́ mi, torí ẹ mọ̀ pé Pierre Verger, Fátúmbí tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu, tó gbé nínú ìlú Salvador yẹn kan náà títí ó fi kú ní 1996, ṣe àlàyé nínú ìwé rẹ̀ Ewé, tó jáde ní 1995, pé ọ̀rọ̀ ìṣe inú orúkọ ewé ni ọfọ̀ máa ń dì mú. Ewé tí orúkọ rẹ̀ kò tíì ní ìṣe nínú, àbúrò bàbá wa tọ̀nà, kò rọrùn láti pè é síṣẹ́ awo. Ṣùgbọ́n ta ló ní iṣẹ́ awo nìkan ni iṣẹ́?

Èmi náà ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́hùn-ún ni mo gbé mì. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan ní São Paulo, tí Elisaldo Carlini wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí tíì yìí gan-an. Wọ́n fún àwọn kan ní tíì rẹ̀, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ohun tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Wọ́n rí i pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n tún rí i pé kò mú ẹnikẹ́ni sùn ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò dín àìbalẹ̀ ọkàn kù. Mo sọ fún ìyá eléwé. Wọ́n ní, “Àwọn dókítà yẹn, ṣé wọ́n jókòó ti ẹni tó mu ún títí oorun fi gbé e lọ?” Gbogbo ilé ìdáná rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn, ṣùgbọ́n kò fagi lé ohun tí àwọn dókítà wọ̀n. Ohun tó wà nínú ife náà jẹ́ omi gbígbóná olóòórùn dáadáa tí kò lè ṣe ọ níbi. Ẹni tó gbé e fún ọ ló kù.

Ọ̀rọ̀ ìgò ló kù. Ìyẹn ló gbé mi dé Cachoeira, ìlú àtijọ́ kan létí odò Paraguaçu, ó lé ní 100 kìlómítà sí Salvador. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Boa Morte wà, tí ọdún wọn máa ń wáyé ní oṣù August. Lẹ́yìn ìlú náà ni àgbẹ̀ kan ti ń yọ òróró ewé, ó sì gbà kí n jókòó ti òun ní odindi ọjọ́ kan.

Mo ti rò pé ohun àràmàǹdà kan ni n ó rí. Ìkòkò ni, ìkòkò irin gíga tí kì í dípata. Omi wà nísàlẹ̀, asẹ́ wà lórí omi, ewé wà lórí asẹ́. Wọ́n ti gé ewé náà láti àná kó lè rọ díẹ̀. Wọ́n kì í bọ ewé náà sómi rárá, ooru omi ló ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n dé ìkòkò náà pinpin, páìpù kan yọ lórí ìdérí, ó lọ́ po bí ejò nínú dúrọ́ọ̀mù omi tútù, ó sì yọ ẹnu sílẹ̀ níbi ìgò kan. Nígbà tí iná mú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀kán bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú omi náà ni ohun kan ń lé, ó pọ́n bí iyẹ̀ agbado, kò pò mọ́ omi. Òróró nìyẹn. Ó fúyẹ́ ju omi lọ, wọ́n kàn ń rọra ṣẹ́ ẹ sọ́tọ̀ ni. Gbogbo àdúgbò ń run bí ẹni pé wọ́n gé ọsàn wẹ́wẹ́ ẹgbẹ̀rún.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ lọ ṣí ìkòkò àgbo yín lórí iná kí ẹ wo abẹ́ ìdérí. Omi tó ṣù síbẹ̀ tó ń kán padà sínú àgbo, òun kan náà ni ọkùnrin yẹn fi páìpù darí lọ síbòmíràn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ẹnu ìkòkò dáadáa. Ẹni tó bá se ewé tíì láìdé e, àjà ilé ló ń fi àgbo náà fún. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń bo aṣọ lé ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú kó fa ooru rẹ̀ símú.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ọkùnrin náà ní ewé tútù 100 kílò kì í fún òun ju nǹkan bí 300 gíráàmù òróró lọ, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ìgò kékeré bíi ti ìyàwó ilé wa gba 10 mílílítà, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 9. Tí ẹ bá pín in, kílò ewé 3 ló wọnú ìgò yẹn. Èmi fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọn ewé tí mo ń fi se ife tíì kan fún ara mi: 10 gíráàmù. Ife tíì 300 ló ba sínú ìgò kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ! Kì í sì ṣe gbogbo òróró inú ewé ló ń wọ ife wa, púpọ̀ ń bá ooru lọ. Ohun tó pọ̀ jù nínú òróró náà ni wọ́n ń pè ní citral, òun ló ni òórùn yẹn. Wọ́n ń fi ṣe lọ́fínńdà, wọ́n ti fi ṣe fítámì A náà. Tí a ò bá là á, ó lè ta ara, ó lè mú ara yún, ìdí nìyí tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù fi ní kí àwọn tó ń ṣe ìpara kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò. Ọkùnrin olóròóró náà fúnra rẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Mo béèrè bóyá ó ti fún ọmọ rẹ̀ mu rí. Ó wò mí, ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá gbọ́ ohun tí àlejò yìí ń bi òun. Ó ní tíì ni àwọn ọmọ òun ń mu, láti ìdí ewé tó wà lẹ́yìn ilé. Òróró, tà ni òun ń tà á fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ.

Ìyẹn ni ìdáhùn mi fún ìyàwó ilé wa, mo sì ti sọ fún un lójú ara rẹ̀. Kò ní kán an sí ẹ̀kọ ọmọ, kò ní kán an sí imú ọmọ, kò ní fi pa ọmọ lára ní pípọ́n. Tó bá fẹ́ lò ó, kó po ẹ̀kán díẹ̀ mọ́ òrí tàbí àdí àgbọn púpọ̀ kó fi pa ẹsẹ̀ àgbàlagbà nírọ̀lẹ́ torí ẹ̀fọn. Èyí náà kì í pẹ́ lára kó tó fò lọ, nítorí náà kí ó má torí rẹ̀ ká nẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ibùsùn. Aboyún ní kó yàgò fún un. Tí ara ọmọ bá gbóná, kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ibà kì í dúró de ìpàdé ẹbí.

Fún àbúrò bàbá wa, mo gbé ìkòkò àgbo ibà ilé wa síwájú wọn ni. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ewé ìbẹ́pẹ: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó: orúkọ rẹ̀ ti sọ ara rẹ̀, láti apá ibi tí mo ti ń bọ̀ yẹn náà ni. Èèpo igi mángòrò: India. Dongoyárò: India náà, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa la ti gba orúkọ rẹ̀. Ewé tíì: Ásíà. Orúwo àti awọ́pa nìkan ló kù tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí ni. Tí a bá ní kí àlejò jáde, omi ìkorò nìkan ni yóò kù nínú ìkòkò. Wọ́n dákẹ́. Mo tún rán wọn létí ìtàn tí àwọn fúnra wọn kọ́ wa ní kékeré, pé Ọ̀rúnmìlà rán Ọ̀sanyìn lọ ro oko, kò lè gé ewé kankan, torí pé èyí tó bá gbá mú, ó ní èyí wúlò fún ibà, èyí wúlò fún inú rírun. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ nínú ìtàn yẹn pé ó kọ́kọ́ béèrè ìlú tí ewé ti wá.

Wọn ò gbà fún mi tán o. Wọ́n ní ìtàn ni ìtàn, ojúbọ sì ni ojúbọ, ewé tí kò ní ọfọ̀ kò gbọdọ̀ jókòó ti Ọ̀sanyìn bí ẹni pé wọ́n jọ dáyé. Mo sọ ohun tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́hùn-ún fún wọn, ewé igbó àti ewé ilé. Èyí wọ̀ wọ́n létí. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé a ó gbé ewé Ìyá àgbà kúrò níbi ojúbọ, a ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, lápá ilé ìdáná, níbi tí gbogbo ilé ti lè já a láìtọrọ àyè.

Ìdí kan ì bá wù mí kí n mú bọ̀ láti Cachoeira. Ọkùnrin olóròóró náà ti ya á fún mi, ó ti fi ìwé ìròyìn dì í. Àmọ́ àwọn aṣọ́bodè kì í jẹ́ kí a gbé ewéko tútù kọjá láìní ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, torí kòkòrò. Mo gbé e fún ọmọkùnrin tó ń bá mi túmọ̀. Ó ní ìyá òun ní ilẹ̀ díẹ̀ níwájú ilé.

Tiwa yìí, Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí òjò bá ti balẹ̀ dáadáa la ó ya á. Ìdí náà ti tóbi, yóò tó ogún ilé. Ẹni tó bá fẹ́, kó mú ọkọ́ àti àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo wá. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ gé orí ewé rẹ̀ kúrò kó ku bí ìbú ọwọ́ méjì, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Ibi tí oòrùn ń dé ni kí ẹ fi í sí, kì í fẹ́ ibi tí omi ti ń dúró. Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ ò nílẹ̀, korobá tí ẹ bá lu ìdí rẹ̀ gbà á.